Èkejì Tí Kareem Ń Béèrè

Leeds, Ìlú Ọba
9 Oṣù Kejì, 2009

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ọyẹ́. Mo gbọ́ pé ọyẹ́ ọdún yìí le lórí òkè Ọ̀kà, pé ètè gbogbo ọmọ ilé-kéwú yín ti là. Níbí, yìnyín ni. Ẹ bá mi kí ìyá mi, ẹ bá mi kí Ìyá Sàídì àti Sàídì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bá mi kí Àsàmáù àbúrò mi tí kì í kọ lẹ́tà.

Mo mọ̀ pé etí yín kò fẹ́ fóònù mọ́. Nígbà tí mo pè kẹ́yìn, "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" ni ẹ ń pariwo títí ó fi já. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a máa kọ ọ́.

Àsàmáù ní láptọ́ọ̀pù tí mo fún òun ti ń falẹ̀. Ó ní bí òun bá ṣí iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì òun, òun lè lọ fọ aṣọ, kí òun sá a, kí ó tó dáhùn. Kò bàjẹ́, Bàbá. Àyè iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kéré. Ẹ wò ó báyìí: ilé-kéwú yín ní àpótí tí ẹ ń kó ìwé sí, ó sì ní wàláà. Ohun tí ẹ fẹ́ pa mọ́ wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè kàwé nínú àpótí. Orí wàláà ni ẹ ń kọ ọ́ sí fún un. Bí ó bá kà á tán, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó kọ òmíràn. Mẹ́mórì ni wàláà kọ̀ǹpútà. Wàláà Àsàmáù ti kéré jù fún ohun tí ó ń kọ sórí rẹ̀.

Mo ti fi mẹ́mórì méjì rán Ìyáàfin Mary Ilésanmí, obìnrin Ìkàrẹ́ kan tí ó ń padà wálé. Pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, wúrà tín-ínrín wà létí wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wúrà náà. Iṣẹ́ mi níbí ni láti dán irú wọn wò kí wọ́n tó kúrò nílé iṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo sì dán méjèèjì yìí wò. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun igun ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè dá wọn mọ̀. Ẹ má bínú sí kútẹ́ẹ̀sì náà. Kò sí lára èékánná mi.

Kareem ni kí ó ṣe iṣẹ́ náà. Mo gbọ́ pé yìgì òun àti Àsàmáù yóò wáyé lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, pé ó sì ní ìsọ̀ tí ó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́. N kò tíì rí i rí. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Raliat


Ìwàrò-Ọ̀kà
20 Oṣù Kẹta, 2009

Raliat, ọmọ mi,

Wàálékúmù sàlámù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí rẹ sí láàárín yìnyín. Ọyẹ́ ti lọ níbí. Òjò kan ti rọ̀, a sì ti ń tún ebè kọ. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ fi hàn pé o ti gbẹ. Mo ní kì í ṣe pé o gbẹ, ẹ̀wù ni ó pọ̀ lọ́rùn rẹ. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe wí i.

Ìyáàfin Mary dé. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni ó ti yọ ohun tí o fi rán an, ó ní kí aṣọ́bodè má baà rí i. Inú ìbọ̀sẹ̀, Raliat! Mo fi aṣọ ìnujú gbà á. Mo rí kútẹ́ẹ̀sì náà pẹ̀lú. Ohun tí kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá dé ara ni o fi ń ṣe àmì. Mo ti gbójú kúrò níbẹ̀. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì ṣe é bí a ti ń ṣe gbogbo ohun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ wọ ilé yìí.

Kareem gba láptọ́ọ̀pù lọ sí Ìkàrẹ́, ó sì dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Bí Àsàmáù bá tàn án, a máa ké bí ọmọ adìẹ tí kò rí ìyá rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, tí ó bá jí, tí ọmọ náà bá kọ ojú ìwé kan, gbogbo ojú rẹ̀ á di aró, ọ̀rọ̀ funfun kan á jáde, á sì kú. Lẹ́ẹ̀mejì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti báyìí sọ nù. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì Àkùngbá ní òun kò fẹ́ ìtàn.

Mo ránṣẹ́ pe Kareem. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, ó da ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, tuntun àti ti àtijọ́ kò gbọ́ra wọn yé ni. Ẹ bá mi wá èkejì tuntun yìí, gbogbo rẹ̀ á parí."

Ṣé o gbọ́? Ẹni tí a kò tíì fún ní ìyàwó ti ń tọrọ ẹrù òkè òkun. Ó kó mi nírìíra. Mo ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ di pátápátá. Ó tún un sọ, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, òjò máa rọ̀." Ó dìde, ó lọ.

Kí ni kí a ṣe? Ìwọ ni o mọ inú ohun náà.

Bàbá rẹ,
Alfa Suleiman Badmus


Leeds
8 Oṣù Kẹrin, 2009

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ Kareem rí mi lára. Méjì ni mo fi ránṣẹ́, ó tún ń béèrè òmíràn! Bàbá, ohun tí ojú mi ń rí níbi iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Wọn a máa kó mẹ́mórì tí ó ti kú wá fún wa, tí wọ́n ti fi bébà tuntun lẹ̀ mọ́ orí bébà àtijọ́ rẹ̀. Mo rí èyí tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. N kò fẹ́ kí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wọ ilé wa.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ìbínú tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni òfin iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí igbe náà túmọ̀ sí. Bí ẹ bá mú ọmọ méjì tí wọ́n mọ Kùránì kà dáadáa, tí ọ̀kan kọ́ ọ ní ọ̀nà kíkà Wáráṣì tí èkejì kọ́ ọ ní ọ̀nà Háfúsì, tí ẹ ní kí wọ́n jọ ka súrà kan náà pọ̀, kí ni ẹ ó gbọ́? Kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n nínú wọn. Ẹ yọ ọ̀kan, èkejì á kà á já. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́mórì méjì tí wọn kì í ṣe irú kan náà nínú ẹ̀rọ kan. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi méjì tí wọ́n jọra ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é, Bàbá, kì í ṣe òun. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì. Ẹ fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé kí iná tí ó wà lára yín lè bọ́ sílẹ̀. Ẹ dojú láptọ́ọ̀pù bolẹ̀. Ẹ ó rí ìdérí kékeré kan ní ikùn rẹ̀. Ẹ tú ìdè rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá pupa wà ní igun mẹ́mórì tí ẹ bá rí. Ẹ da ohun tí ó wà lórí bébà rẹ̀ kọ fún mi. Lẹ́yìn náà, èyí ni ó ṣe pàtàkì jù: yálà ọ̀kan ni ẹ rí tàbí méjì, ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ dá bátìrì padà, ẹ tan ẹ̀rọ náà láìsí i. Kí ẹ sọ ohun tí ó ṣe fún mi. Wàhálà kankan kò sí nínú rẹ̀. Ó máa ń yọ bí eyín ọmọdé.

Ọmọ yín,
Raliat


Ìwàrò-Ọ̀kà
2 Oṣù Karùn-ún, 2009

Raliat,

Wàálékúmù sàlámù. A wà láàyè. Iṣu tuntun kò ní pẹ́ jáde. Ìyá rẹ ní kí ni o ń jẹ? Dárúkọ rẹ̀.

Mo ti ṣe iṣẹ́ tí o rán mi, ojú mi sì ti rí nǹkan. Mo fọwọ́ kan irin fèrèsé. Mo fi ohun ìtúdè tí Sàídì ń lò fún ọ̀kadà rẹ̀ tú ìdérí náà. Bí ó ti ṣí, nǹkan sá jáde sí mi lápá. Aáyán! Mo jù ú nù, mo tún wo inú rẹ̀. Ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ẹyin wọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí èso ẹ̀wà, ìgbẹ́ wọn sì dúdú lórí ohun gbogbo bí ata gígún. Èèpo ẹ̀pà wà níbẹ̀. Irun orí wà níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba imú mi títí dé àárín ọ̀fun. Ìyá Sàídì bojú wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó sì sáré jáde lọ tutọ́.

Mo wọ gíláàsì mi, mo wò ó láti òkèèrè. Mẹ́mórì kan ṣoṣo ni mo rí. Kò sí pupa lára rẹ̀ rárá. Bébà rẹ̀ ti pọ́n bí ewé tó gbẹ. Mo da ohun tí mo rí níbẹ̀ kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí fún ọ.

N kò yọ ọ́. Raliat, ọwọ́ tí mo fi ń ṣí Kùránì nìyí. N kò lè fi bọ inú ìgbẹ́ aáyán. Mo dé e padà, mo fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́, mo tún fi eérú fọ̀ ọ́. N kò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Mo pe Àsàmáù, mo ní ṣé inú ohun tí o ti ń jẹ ẹ̀pà nìyí? Ó ní òun a máa gbé e kalẹ̀ sí ilé ìdáná nítorí ibẹ̀ ni iná ti dára. Mo bá a wí títí ohùn mi fi há.

Èwo ni ohun tí mo rí yìí?

Bàbá rẹ


Leeds
19 Oṣù Karùn-ún, 2009

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mo ka lẹ́tà yín níbi oúnjẹ, mo sì kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá mi pé ìrẹsì ni.

Ohun tí ẹ dà kọ sí ẹ̀yìn ìwé kì í ṣe tèmi. Mo mọ̀ ọ́n. Mẹ́mórì tí ó bá láptọ́ọ̀pù náà wá ni. Ó falẹ̀, ó ti gbó, kò sì sí pupa lára rẹ̀. Pupa tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn! Kútẹ́ẹ̀sì kì í ṣí lọ fúnra rẹ̀.

N kò nílò láti béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tó. Kareem mú tèmi, ó sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí bí ó ti wà. Ó dé ìdérí lé e lórí, ó gbé e padà wá fún yín, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín, ó sì tún ní kí ẹ wá èkejì fún òun. Irú ojú wo nìyẹn? Olè tí ń jalè tí ó sá lọ sàn ju olè tí ó dúró kí ó tún tọrọ.

Ẹni tí ó bá lè ṣe èyí sí iṣẹ́ àṣekágbá ọmọbìnrin tí ó ní òun fẹ́, kí ni yóò ṣe sí i bí ó bá dé abẹ́ òrùlé rẹ̀? Ẹ̀yin ni bàbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, n kò fẹ́ kí yìgì yẹn wáyé.

Ọmọ yín,
Raliat


Ìwàrò-Ọ̀kà
14 Oṣù Kẹfà, 2009

Raliat, ọmọ mi,

Wàálékúmù sàlámù. Kí Ọlọ́run mú kí o pẹ́ fún wa. Ìyá rẹ ní ìrẹsì nìkan kò tó.

Mo ti ṣe ohun tí ó yẹ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Kareem wá kírun ní mọ́ṣáláṣí wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó bẹ̀rẹ̀ kí ó kí mi. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo ní, "Má fi ọwọ́ olè kan mi." Gbogbo ènìyàn dúró.

Ó ní, "Bàbá, kí ni mo jí?"

Mo ní, "Mẹ́mórì ọmọ mi. Raliat tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba ni ó rí i."

Ó ní, "Láti Ìlú Ọba? Bàbá, ohun tí ẹ fún mi wà nínú rẹ̀. Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ni mo fi sí."

Mo ní, "Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù! Ṣé ìyẹn ni àpò rẹ?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọlálérè ọ̀rẹ́ mi ń fà mí lágbádá, ó ń sọ pé, "Alfa, ó tó, ẹ jẹ́ ká wọlé lọ sọ ọ́." Mo ní èmi kì í sọ̀rọ̀ olè nínú ilé. Kareem wo ilẹ̀, ó wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà àwọn ènìyàn, ó lọ. Bí ó ti ń lọ ni ẹnì kan ń sọ pé kí wọ́n máa ṣọ́ bàtà wọn.

Mo ti dá ẹrù ìtọrọ padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Etioro: oyin, iṣu, Kùránì tí wọ́n fi aṣọ wé. Àsàmáù kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Yàrá ìyá rẹ ni ó wà. Bí mo bá wọlé, á kọjú sí ògiri. Yóò gbàgbé.

Ara gbogbo ilé le. Sàídì ní kí n kí ọ dáadáa fún mẹ́mórì tirẹ̀. Kò bá kọ̀ǹpútà ńlá tí ó ń lò mu, ihò ibẹ̀ gùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ nù. Ó ti lu ihò sí i, ó sì so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Ó dùn ún wò.

Bàbá rẹ


Leeds
30 Oṣù Kẹfà, 2009

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ forí jì mí, ìkíni mi kò ní gùn.

Mo ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín títí n kò fi rí ìwé náà mọ́. Mẹ́mórì Sàídì wo? Ta ni ó ní Sàídì ní mẹ́mórì?

Lẹ́yìn náà ni mo rántí ilé wa, ilé ìyàwó méjì. Nígbà tí mo fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, ìyá mi gba aṣọ, Ìyá Sàídì gba àpò ìrọ̀rí. Nígbà tí mo fi ago àti àwo rẹ̀ ránṣẹ́, ago lọ sí ọ̀tún, àwo lọ sí òsì. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín fún àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé yẹn, mo di ohun méjì sínú ìdì kan, mo fi rán yín, n kò sì kọ ọ́ pé inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni méjèèjì ń lọ. Ẹ pín in. Kí ni ẹ̀ bá tún ṣe?

Mo ti wá irú láptọ́ọ̀pù náà gan-an, mo tú u sórí tábìlì mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ihò méjì ni ó ní. Ọ̀kan wà ní ikùn, èyí tí ẹ ṣí. Èkejì wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ẹni tí kò bá yọ kíbọ́ọ̀dù kò lè rí i. Méjèèjì ni mẹ́mórì àtijọ́ wà nínú wọn, ti abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ni ó kéré jù. Ọ̀kan ni ẹ fún Kareem. Ó yọ èyí tí ó kéré jù, ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ohun tí èmi náà ì bá ṣe nìyẹn. Ti ikùn ni ó fi sílẹ̀, nítorí kò ní ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Wáráṣì àti Háfúsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ kà. Ó gbọ́ ọ, ó sọ fún yín, ó ní kí ẹ wá èkejì tuntun náà. Èkejì náà wà lẹ́nu ọ̀kadà Sàídì, ó ń mì lọ mì bọ̀ ní títì Ìkàrẹ́.

Kareem kò jí nǹkankan.

Bàbá, ìríra ara mi ni mo ń kọ báyìí. Níbi iṣẹ́ mi, a kì í kọ "kò dára" sí ara mẹ́mórì kankan títí a ó fi yọ ọ́, tí a ó dán an wò ní òun nìkan. Mo kọ ọ́ fún yín pé èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ̀wé padà pé ẹ kò yọ ọ́. Mo kà á, mo sì fò ó kọjá, nítorí ìdọ̀tí tí ẹ júwe ti kún orí mi, ó sì dà bíi pé ìdọ̀tí náà ti jẹ́rìí. Ìgbẹ́ aáyán ni mo fi dá ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Aáyán náà gan-an, ti ilé ìdáná wa ni.

Ẹ yọ mẹ́mórì ti ikùn. Bí tuntun kan ṣoṣo náà bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́. Àyè rẹ̀ kò ní tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n Àsàmáù á lè parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe dán ti Sàídì wò. Ihò tí ó lu ti gé ọ̀nà tí iná ń gbà nínú rẹ̀, ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ sì lọ sọ ọ́ fún Kareem níbi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́. Iwájú mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn Jímọ̀. Ẹ má sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, Bàbá. Mo bẹ̀ yín.

Raliat


Ìwàrò-Ọ̀kà
3 Oṣù Kẹjọ, 2009

Raliat,

Wàálékúmù sàlámù. Ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mo ń tún lẹ́tà rẹ kà ni.

O fi ago àti àwo bú mi. Ọkùnrin tí ó bá ní ìyàwó méjì tí kò ṣe déédé láàárín wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ yóò wọ́ ní ọjọ́ ìdájọ́. N kò pín nǹkan ní ìpínkúpìn-ín rí. Kí irin má lè dá wà láìsí ìkejì rẹ̀, ta ni ó sọ fún mi?

Ṣùgbọ́n mo lọ. Ọ̀kadà Sàídì ni ó gbé mi lọ sí Ìkàrẹ́. Láti Ìwàrò títí dé ibẹ̀, ohun náà ń jó níwájú mi lẹ́nu kọ́kọ́rọ́, pupa rẹ̀ ń kọ mànà. Ohun tí ó dùn ún wò ní ọjọ́sí, mo gbójú kúrò lára rẹ̀.

Mo bá Kareem ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Mo ti mọ̀ pé ìwọ kọ́." Ó gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, ó gbé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sókè níwájú mi. Pupa rẹ wà níbẹ̀. Ó dé e padà. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ṣí ikùn rẹ̀, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹyin aáyán ilé mi sínú bébà, láìfajúro. Ojú tì mí ju bí ó bá ti bú mi. Ó yọ mẹ́mórì àtijọ́ náà, ó tan ẹ̀rọ. Kò ké. Ó jí kíá.

Lẹ́yìn náà ni ó wé mẹ́mórì àtijọ́ sínú ìwé ìròyìn, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ mú un dání. Tiyín ni. Kí ẹ má baà tún wá a."

Mo béèrè yìgì. Ó ní, "Àwọn ènìyàn mi ní Etioro gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ìsọ̀ yìí kọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ."

Raliat, iwájú mọ́ṣáláṣí kọ́ ni ibi tí àgbà ti ń sọ pé òun ṣìwí. Àwọn ọmọ tí mo ń nà wà níbẹ̀. Bàbá wọn wà níbẹ̀. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n ṣàlàyé, kọ lẹ́tà sí Kareem. Kọ ọ́ kí ó dùn. Yóò gbà.

Bàbá rẹ


Ìwàrò-Ọ̀kà
22 Oṣù Kẹjọ, 2009

Ẹ̀gbọ́n mi Raliat,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ ní n kì í kọ lẹ́tà. Lẹ́tà rèé. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ebi sì ń pa mí, nítorí náà n kò ní lọ́ ọ pọ̀.

Láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́. Mo ti fún ọ̀gá mi ní iṣẹ́ mi, ó sì gbà á. N kò gbé e sí ilé ìdáná mọ́.

Mo ka gbogbo lẹ́tà yín. Bàbá ń kó wọn sí abẹ́ ìrọ̀rí, èmi ni mo sì ń gbá yàrá. Ẹ ní kí Bàbá fọwọ́ kan irin fèrèsé, ẹ ní kí ó ka bébà ara mẹ́mórì. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ohun tí kò ní ẹnu. Èmi tí mo ni láptọ́ọ̀pù, tí mo máa ń jókòó ti Kareem ní ìsọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó bi mí ní nǹkankan nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Kareem fi lẹ́tà tí ẹ kọ sí i hàn mí. Ó dùn. Ó kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ṣé òun ni ó pè mí ní olè?" Ó dá a padà sínú àpò rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí Bàbá ti Ìkàrẹ́ dé ni mo gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lọ́wọ́ Sàídì. Ó ń ṣe, "Kí ló dé? Kí ló dé? Nǹkan ẹ̀ṣọ́ mi ni!" Mo ní kí ó lọ fi egungun adìẹ ṣe ẹ̀ṣọ́. Mo tú mẹ́mórì náà kúrò, mo fi òwú so ó mọ́ ìṣó tí Bàbá máa ń fi kọ́ fìlà lẹ́nu ọ̀nà. N kò sọ nǹkankan fún un. Ní àárọ̀, bí ó bá na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kàn án. Ní ọjọ́ kìíní, ó ní, "Ta ló so ìdọ̀tí mọ́ ibí?" Ṣùgbọ́n kò tú u. Ìyá wa rí i, Ìyá Sàídì rí i. Àwọn méjèèjì ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ yí i ká.

Láná, ọjọ́ Jímọ̀, mo jáde láti lọ kírun, mo sì rí i pé ìṣó náà ṣófo.

Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé àwọn obìnrin. Lẹ́yìn ìrun, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń wá bàtà wọn, mo gbọ́ ohùn Bàbá ní ìta. Ẹ mọ bí ohùn rẹ̀ ti máa ń rí bí kò bá gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa, á kàn máa pariwo. Ó ní, "Ẹ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, ẹ dúró." Mo fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kareem ti Ìkàrẹ́ wá, òun àti bàbá rẹ̀ láti Etioro. N kò mọ ẹni tí ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìyá Sàídì ń wo ibòmíràn.

Bàbá ní, "Mo pe ọmọ yìí ní olè níbí. Kò jalè. Èmi ni mo mú ohun rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí mo sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀." Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó yọ mẹ́mórì náà, ó gbé e sókè. Òwú tí mo fi so ó ṣì wà lára rẹ̀.

Yìgì dúró, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Kareem ní òun kò ní tún nǹkankan ṣe fún ilé wa mọ́. Mo ní ó dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nǹkankan ránṣẹ́ fún wa láìbi mí.

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn láná ń béèrè pé kí ni Alfa gbé dání, wọn kò mọ̀ ọ́n. Kareem mọ̀ ọ́n. Ó wá síwájú, ó na ọwọ́ tirẹ̀, ó sì gbà á.

Àbúrò yín,
Àsàmáù